Káàdì ìnáwó òkèèrè: èwo ni ká gbà ká tó kúrò l'Abẹ́òkúta?

ỌmọOlúmọ
Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi àti ìyàwó mi fẹ́ lọ kí ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó sì sun ọjọ́ méjì ní Dubai lójú ọ̀nà. Díẹ̀ nínú owó wa wà ní dọ́là nínú dọ́ọ̀mù (akáǹtì owó òkèèrè), ìyókù jẹ́ náírà. Báńkì wa ní Òkè-Ìlèwó ní káàdì mẹ́ta nílẹ̀: prepaid dọ́là (káàdì tí a kọ́kọ́ máa ń kó owó sí ká tó ná an), prepaid pọ́n-ùn, àti èyí tó so mọ́ dọ́ọ̀mù gan-an. Èwo ni ká mú? Kí ló sì yẹ ká bi wọ́n ká tó fọwọ́ síwèé?

Akọ̀wéÌbarà
Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, sà. Ẹ kọ́kọ́ gbé orúkọ àti àwọ̀ káàdì tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tó ń jẹ owó arìnrìn-àjò ni iye ìgbà tí wọ́n máa ṣẹ́ owó náà kó tó dé ọwọ́ ẹni tó ń tajà. Náírà tí wọ́n ṣẹ́ sí dọ́là ní Òkè-Ìlèwó, tí wọ́n tún wá ṣẹ́ sí pọ́n-ùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi méjì ni wọ́n ti bù ú jẹ.

Ní tiyín, káàdì kan ò tó. Dọ́là tó ti wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà ní dọ́là, kí ẹ kó apá kan rẹ̀ sórí prepaid dọ́là. Òun lẹ máa ná ní Dubai. Owó dírámù wọn so mọ́ dọ́là, 3.6725 sí dọ́là kan láti 1997, kò sí pé ó máa gbówó lórí kí ilẹ̀ tó mọ́. Náírà tí ẹ fẹ́ lò ní Ìlú Ọba, bí báńkì bá lè ta pọ́n-ùn fún yín tààrà, ẹ ra pọ́n-ùn, kí ẹ kó o sórí káàdì pọ́n-ùn. Bí wọn ò bá ní pọ́n-ùn tà, ẹ má wulẹ̀ gba káàdì pọ́n-ùn. Wọ́n á kàn ṣẹ́ dọ́là yín sí pọ́n-ùn ní iye tiwọn, iye yẹn sì sábà máa ń burú ju ti Visa tàbí Mastercard lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní pọ́n-ùn kan jẹ́ $1.30, tí òtẹ́ẹ̀lì gba £400. $520 nìyẹn. Bí báńkì bá ń gba 3% lórí ìnáwó tí kì í ṣe dọ́là, ó fi $15.60 lé e, gbogbo ẹ̀ di $535.60. Bó bá jẹ́ 1% ni wọ́n ń gbà, $525.20 ni. Nítorí náà ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí: “Tí mo bá fi káàdì dọ́là ná pọ́n-ùn, ìdá mélòó lẹ máa gbà?” Òṣìṣẹ́ lè dáhùn pé káàdì ò wọ́n, iye báyìí ni wọ́n ń gbà á. Kì í ṣe ohun tí ẹ bi í nìyẹn. Ẹ ní kó fi hàn yín nínú ìwé.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá ẹ lè fi fóònù kó owó sí i láti òkèèrè. Àwọn prepaid kan wà tó jẹ́ pé àfi kí ẹni tó ni ín wá kọ fọ́ọ̀mù ní ẹ̀ka báńkì kí wọ́n tó kó owó sí i. Bí irú ẹ̀ bá gbẹ lọ́wọ́ yín ní Lọ́ńdọ̀nù, kò wúlò mọ́.

OníPOS_Sápọ́n
Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbowó lè jẹ yín ju báńkì lọ, àwọn èèyàn kì í sì í kíyè sí i. Tí ẹ bá ki káàdì bọ POS lọ́hùn-ún, ó lè gbé ìlà méjì jáde: GBP 400.00 lókè, USD 546.00 nísàlẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà wíńníwínní lábẹ́ wọn tó ń sọ ìdá tí wọ́n ti fi lé e. Owó ìlú tí ẹ wà ni kí ẹ máa mú, nígbà gbogbo. Bí ẹ bá mú GBP, Visa tàbí Mastercard ló máa ṣẹ́ owó yẹn. Bí ẹ bá mú USD, àwọn tó ni ẹ̀rọ ló máa ṣẹ́ ẹ ní iye tó wù wọ́n. $546 yẹn ti fi 5% lé $520. Báńkì yín lè tún gba 3% tirẹ̀ lórí ẹ̀, torí pé òkèèrè ni ọjà ti wáyé: $562.38. Ẹ fi wé $535.60 tí Akọ̀wéÌbarà ṣírò.

Ẹ̀rọ míì á rí i pé Nàìjíríà ni káàdì ti wá, á wá fi náírà lọ̀ yín. Náírà la mọ̀, ọwọ́ á sì yá láti tẹ̀ ẹ́. Pọ́n-ùn á di náírà, náírà á tún padà di dọ́là nínú káàdì yín.

ATM náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ máa rí níbẹ̀ ni “accept conversion” àti “decline conversion”. Decline ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn pé owó ò ní jáde mọ́, á jáde. Nílé ìtajà, ẹ ní kí ẹni tó ń gbowó jẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín wo ojú ẹ̀rọ, torí ó lè ti bá yín tẹ̀ ẹ́ kó tó na POS sí yín. Bó bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ ní kó fagi lé e kó tún un ṣe. Kò sí ìjà níbẹ̀, ẹ̀tọ́ yín ni.

ÌyáAdìrẹ_Ìtòkú
Gbogbo wàhálà yìí nítorí káàdì! Kí ló dé tí èèyàn ò fi ní ṣẹ́ dọ́là ẹ̀ ní káàṣì, kó di í mọ́ra, kó máa lọ? Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí OTP, nọ́ńbà tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù kí owó tó lọ.

Akọ̀wéÌbarà
Màmá, owó díẹ̀ lọ́wọ́ dára, n kò bá yín jiyàn. $200 tàbí $300 tí ẹ lè fi wọ ọkọ̀, kí ẹ fi jẹun lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n PTA, owó ìrìn-àjò tí báńkì ń tà, kò sí ní káàṣì mọ́. Láti oṣù kejì ọdún 2024 ni CBN ti pàṣẹ pé káàdì tàbí ọ̀nà ẹ̀rọ míì nìkan ni kí báńkì máa fi san án. $4,000 ni ẹnì kan lè rà láàárín oṣù mẹ́ta. BTA ti oníṣòwò jẹ́ $5,000. Fọ́ọ̀mù A lẹ máa kún, pẹ̀lú BVN, ìwé ìrìnnà, físà àti tíkẹ́ẹ̀tì. Níbi orúkọ ni ìwé ti sábà máa ń há: bí ìyàwó bá ń jẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀ lórí BVN, tí ìwé ìrìnnà ti di orúkọ ọkọ, wọ́n á dá a padà. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ẹni tó bá sì ń gbé káàṣì tó ju $10,000 lọ gbọ́dọ̀ kéde rẹ̀ fún kọ́sítọ́ọ̀mù ní pápákọ̀ òfurufú. Káàdì tó sọnù, ẹ ó tì í lórí fóònù. Káàṣì ńkọ́?

TíṣàLáfẹ́nwá
Owó kì í sábà jẹ́ ohun tó ń mú káàdì kọ̀. PIN ni, àti OTP.

PIN àkọ́kọ́: tí wọ́n bá fún yín ní káàdì, ATM báńkì yẹn gan-an, l'Abẹ́òkúta níbí, ni kí ẹ ti yí i padà. Ẹ̀rọ ibòmíràn lè má kọ PIN tuntun sínú ṣíìpù. Tí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́ ṣì lẹ́ẹ̀mẹta lókè òkun tó tì, ATM báńkì yín ló sábà máa ṣí i, kò sì sí èyí lọ́hùn-ún.

Ẹ wọ áàpù, kí ẹ ṣí ìnáwó òkèèrè sílẹ̀. Ó sábà máa ń wà ní títì. Ẹ wo ibi iye tí ẹ lè ná lóòjọ́ náà; ti POS, ti ATM àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì lè yàtọ̀ síra. Èèyàn á kó $2,000 sí káàdì, òtẹ́ẹ̀lì á béèrè $600, káàdì á kọ̀, torí $500 ni òpin lóòjọ́.

OTP wá ni olórí ẹjọ́. Tí ẹ bá ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, nọ́ńbà Nàìjíríà yín ni wọ́n máa fi OTP ránṣẹ́ sí. Bí ẹ bá yọ síìmù yẹn láti fi ti ìlú òyìnbó sí i, OTP ò ní bá yín. Ẹ lo fóònù oníbi síìmù méjì, kí ẹ tan roaming, èyí tó ń jẹ́ kí síìmù ilé ṣiṣẹ́ lókè òkun, kí ẹ tó wọ bàálù, kí ẹ sì bi báńkì bóyá wọ́n lè máa fi í ránṣẹ́ sí ímeèlì tàbí inú áàpù. Ẹ má pààrọ̀ fóònù lójú ọ̀nà. Áàpù báńkì mọ fóònù tó wà lórí ẹ̀. Lórí fóònù tuntun, ó máa bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ẹ fi sílẹ̀ nílé.

Ẹ dán káàdì wò kí ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi káàdì dọ́là dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù Pánṣẹ́kẹ́, torí náírà ni POS ibẹ̀ ń gbà, wọ́n á ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́kúṣẹ̀ẹ́. Ẹ fi ra ohun kékeré tí iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì, $2 tàbí $3. Ẹ máa rí i lẹ́ẹ̀kan náà bóyá káàdì ń ṣiṣẹ́, bóyá OTP ń wọlé, àti iye tí báńkì yọ gan-an.

ỌmọOlúmọ
Ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ wa ní ká gba mọ́tò háyà lọ́sẹ̀ kejì. Òtẹ́ẹ̀lì Dubai náà ní àwọn máa gba “deposit”. Ṣé prepaid máa ṣe é?

OníPOS_Sápọ́n
Òtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀ ni. Mọ́tò, ẹ má gbójú lé e.

Òtẹ́ẹ̀lì kì í gba deposit yẹn lọ pátápátá. Ńṣe ni wọ́n máa dá owó náà dúró lórí káàdì. Ká ní yàrá jẹ́ $180, wọ́n sì dá $150 dúró fún ohun tí ẹ bá bàjẹ́ tàbí tí ẹ jẹ. Káàdì tó ní $300 ò ní ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Tí ẹ bá kúrò, owó tí wọ́n dá dúró lè pẹ́ kó tó tú, láti ọjọ́ mélòó kan títí dé oṣù kan, ọwọ́ báńkì yín ló wà. Nítorí náà ẹ kó owó ilé òtẹ́ẹ̀lì sí i, kí ẹ tún kó deposit sí i, kí ẹ má ka deposit mọ́ owó ìnáwó. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ ní kí wọ́n tú u, kí ẹ gba ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ san owó yàrá, káàdì kan náà ni kí ẹ fi san án. Tí ẹ bá mú òmíràn, owó lè há lórí méjèèjì.

Àwọn tó ń háyà mọ́tò, kírẹ́díìtì káàdì, èyí tí báńkì fi ń yáni lówó, ni ọ̀pọ̀ wọn ń béèrè, ní orúkọ ẹni tó máa wa mọ́tò, pẹ̀lú lẹ́tà orúkọ tó yọ lójú káàdì. Prepaid tí wọn ò kọ orúkọ sí lára, èyí tí báńkì ń fúnni lójú ẹsẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó ń gbé níbẹ̀ fi tiẹ̀ háyà á.

Èyí tó jọ ọ́: ilé epo Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ epo lè dá $100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró fún epo $40, ó sì lè béèrè ZIP code, òǹkà márùn-ún tó wà nínú àdírẹ́sì wọn, tí ti Nàìjíríà kì í bá mu. Ẹ wọlé lọ bá ẹni tó ń gbowó, ẹ san iye tí ẹ fẹ́ rà.

AlhajaKútò
Ẹ ò tíì sọ ti Sáúdì. Àwa tó ń lọ Umrah ńkọ́?

Akọ̀wéÌbarà
Dọ́là ni, Alhaja. Ríyàlì 3.75 ni dọ́là kan, bẹ́ẹ̀ ló wà láti 1986. Ó rọrùn láti yẹ báńkì wò: ríyàlì 375 yẹ kó jẹ́ $100 gééré. Bí wọ́n bá yọ $106, $6 ni owó orí iṣẹ́. Owó orí ATM máa ń jẹ́ iye kan pàtó lórí ìyọwó kọ̀ọ̀kan, báńkì tó ni ẹ̀rọ lè tún gba tirẹ̀. Bí ti báńkì yín bá jẹ́ $4, ẹni tó yọ ríyàlì 200 lẹ́ẹ̀márùn-ún san $20, ẹni tó yọ 1,000 lẹ́ẹ̀kan san $4.

ÌyáAdìrẹ_Ìtòkú
Tiyín ti jìnnà. Àwa tí à ń gba Ìdìròkò lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kùtọnù lọ rajà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta káàdì òkèèrè fún yín nítorí ìyẹn. Ní ọjà Dantokpa, káàṣì sẹ́fà àti MoMo, owó orí fóònù, ni wọ́n ń gbà. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá àti ṣọ́ọ̀bù ńlá ló ń gba káàdì, ATM wọn náà sì ń fún èèyàn lówó, Visa ló sì rọrùn jù lórí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ fi ATM gba owó níbẹ̀ kó mọ̀ pé yúrò ni sẹ́fà so mọ́, 655.957 sí yúrò kan. Dọ́là ń lọ sókè sódò sí i.

Ẹ má kó sẹ́fà kù wálé. Ẹ ṣẹ́ ẹ ní bọ́dà.

Àdúkẹ́_FUNAAB
Ẹ jọ̀ọ́, káàdì dọ́là orí fóònù wọ̀nyí ńkọ́, tí kò ní ike? Wọ́n ń ṣí i lójú ẹsẹ̀, kò sì sí pé à ń wá ẹlẹ́rìí kiri bíi ti dọ́ọ̀mù.

TíṣàLáfẹ́nwá
Wọ́n dára fún sísan owó ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì, fọ́ọ̀mù ìdánwò, áàpù. Kò ṣeé kì bọ ATM, òtẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ rí káàdì ò sì ní gbà á. Ẹ wo ohun méjì. Ọ̀pọ̀ wọn ń gba owó ìtanràn nígbà tí ìsanwó bá kọ̀ torí owó ò tó, bó bá sì ṣẹlẹ̀ léraléra, wọ́n á pa káàdì náà. Ẹ̀kejì, iye tí wọ́n ń ta dọ́là nínú áàpù lè ju ti báńkì lọ. Ẹ pín náírà tí wọ́n yọ pẹ̀lú dọ́là tó wọ káàdì, kí ẹ tó sọ pé kò ní owó orí.

Ní ti ẹlẹ́rìí, òótọ́ ni. Dọ́ọ̀mù ní ọ̀pọ̀ báńkì ń béèrè ẹni méjì tó ní akáǹtì current, pẹ̀lú ìwé iná IBEDC tàbí nǹkan tó fi àdírẹ́sì hàn. Ẹlẹ́rìí tí kò fọwọ́ síwèé bó ṣe wà ní báńkì rẹ̀ ló ń fa ìdádúró jù. Prepaid kan wà tí kò ní kí ẹ ní dọ́ọ̀mù, ẹ béèrè.

ỌmọOlúmọ
Wọ́n ní kí n yan Visa tàbí Mastercard. Ẹnì kan tún sọ fún mi pé káàdì náírà ti padà ń ṣiṣẹ́ lókè òkun.

Akọ̀wéÌbarà
Visa tàbí Mastercard, ọ̀kan náà ni ní Lọ́ńdọ̀nù àti Dubai. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀yin gba ọ̀kan, kí ìyàwó gba èkejì; bí ètò ọ̀kan bá dákẹ́, èkejì á gbà yín. Kì í ṣe Verve, káàdì Nàìjíríà tí a sábà ń ná nílé. Méjèèjì ní ìkànnì tí ẹ ti lè wo iye tí wọ́n ń ṣẹ́ owó lójoojúmọ́. Ẹ wò ó, kí ẹ fi wé ohun tí báńkì yọ. Ìyàtọ̀ yẹn ni owó orí.

Káàdì náírà: ní 2022, báńkì dín in kù sí nǹkan bí $20 lóṣù, lẹ́yìn náà ọ̀pọ̀ wọn tì í pa. Ní 2025, àwọn kan tún ṣí i. Ẹ lè mú un dání bí ẹ̀kẹta. Ṣùgbọ́n iye náírà tí wọ́n máa yọ lè má jẹ́ ti ọjọ́ tí ẹ rajà. Ọjọ́ tí ìṣirò bá parí lọ́wọ́ báńkì ni, ó sì lè tó ọjọ́ méjì mẹ́ta lẹ́yìn.

Ní ti èyí tó so mọ́ dọ́ọ̀mù, mi ò ní gbé e lọ bí kì í ṣe pé ẹ fẹ́ fi pa mọ́ sínú àpótí ní òtẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó bá jí i ti rí gbogbo akáǹtì. Ẹni tó bá jí prepaid, ohun tó wà lórí ẹ̀ nìkan ló rí.

OníPOS_Sápọ́n
Ẹ kò tíì sọ ti ọkọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń gba káàdì tí ẹ kàn máa fi kan ẹ̀rọ, ó ní àmì ìgbì mẹ́rin lára. Ẹyọ káàdì kan ò lè gbé ẹni méjì wọlé. Ọkọ lo tiẹ̀, ìyàwó lo tiẹ̀. Èyí tí ẹ fi wọlé ni kí ẹ fi jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gba owó tó ga jù. Bí káàdì bá kọ̀, ẹ ra Oyster, káàdì ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù, ẹ lè fi káàṣì kó owó sí i níbẹ̀.

ỌmọOlúmọ
Ìbéèrè kan ló kù. Tí a bá padà dé, kí ni ká ṣe sí ìyókù owó?

Akọ̀wéÌbarà
Ẹ má tètè sọ káàdì nù. Owó tí òtẹ́ẹ̀lì tàbí ṣọ́ọ̀bù bá dá padà, orí káàdì tí ẹ fi san án ló máa wá, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ọjọ́ 45 sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé owó tó kù padà sínú dọ́ọ̀mù, kí ẹ kọ ìwé pé kí wọ́n ti káàdì, torí owó ìtọ́jú lọ́dọọdún, tó jẹ́ $10 nínú ìlànà CBN ti 2020, á máa yọ bí ẹ ò tilẹ̀ lò ó.

Kí ẹ sì ka ìwé ìnáwó náà láìfò ìlà kan. Bí ẹ bá rí owó tí ẹ kò ná, ẹ kọ̀wé sí báńkì lọ́jọ́ náà. Visa àti Mastercard sábà máa ń fún èèyàn ní ọjọ́ 120 láti jiyàn, ṣùgbọ́n báńkì tiyín lè béèrè pé kí ẹ tètè wá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì fi ímeèlì ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ̀sùn tí ẹ kàn fẹnu sọ nídìí káńtà, bí ẹni tó gbọ́ ọ bá gba ìsinmi, kò sí ẹlòmíì tó mọ̀ nípa ẹ̀.